Ẹ́ńjìnnì Kékeré Lábẹ́ Ẹrù Ọkọ Mi

Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ta abọ́ fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Abọ́ tánńganran là ń tà, èmi àti òun, pẹ̀lú ṣúgà, ọṣẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Soldier Town, nílẹ̀ Gambia, lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí pákó rẹ̀ máa ń ké nígbàkígbà tí àwọn ará òkè bá ń rìn. Tí oníbàárà bá bi í pé abọ́ wo ni kì í tètè bó, á ní kó lọ bi ìyàwó òun. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ṣèèṣì dárúkọ ọkọ̀, ó bùṣe. Oúnjẹ ọ̀sán á bá a níbẹ̀, oníbàárà mìíràn á dé, á sì lọ, ọkọ mi á ṣì máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnnì.

A ra pikọ́ọ̀pù wa lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ìlú kúrò ní Bathurst tó di Banjul. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ìṣòro rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń mu epo bí ẹni tí ẹlòmíì ń sanwó fún. Nígbà tí epo wá wọ́n káàkiri ayé, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè wa. A ò sì lè gbé e sílẹ̀, torí òun ni ẹsẹ̀ ọjà wa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń bá fẹ́rì kọjá odò lọ sí Barra, láti ibẹ̀ la ó gba ọ̀nà yanrìn lọ bá àwọn lúmò, ìyẹn ọjà tí àwọn ará oko máa ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ará oko kì í wá sí Soldier Town wá ra abọ́. Abọ́ ló ń lọ bá wọn.

Ọjọ́ kan ni ọkọ mi wọlé tó ní òun fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù. Mo rò pé ibà ni. Ó ní àwọn ará Dakar ń wa takisí kéékèèké tó ń lo epo dísù, pé ẹ́ńjìnnì wọn kò tóbi ju ìkòkò àwọn alásè lọ, ṣùgbọ́n agolo epo kan á gbé wọn dé ibi tí tiwa kò lè fi agolo mẹ́ta dé. Ọ̀kan wà nílẹ̀ tí òun lè rí rà, lára takisí kan tó lọ forí sọ igi.

Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì tó pa takisí, òun lẹ fẹ́ gbé wá pa wá."

Ó ní ẹ́ńjìnnì kọ́ ló pa takisí, dírẹ́bà ni.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ ní àdúgbò Box Bar kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọ̀kan lára àwọn Aku ni mẹkáníìkì náà, àwọn ọmọ ìlú àtijọ́ tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Onígbàgbọ́ ni, fìlà òyìnbó kì í wọ́n lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì máa ń kí wa ní "kúṣẹ́" bí ẹni tó ń fún wa lẹ́bùn, àwa tí a ni ọ̀rọ̀ náà. Ó fi èdè Aku rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé dísù kì í sáré, ṣùgbọ́n kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Pé ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, kò dà bíi bẹntiróòlù tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo kó tó ṣiṣẹ́. Pé tí a bá fún un ní ẹrù tó mọ níwọ̀n, yóò sìn wá títí a ó fi darúgbó. Mo wo ojú rẹ̀. Òun náà ni yóò gbowó ìjáde ti àgbà, òun ni yóò gbowó ìwọlé ti kékeré. Kí ló kù tí kò fi ní yìn ín?

Àwọn ènìyàn wa lọ́jà fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ́ńjìnnì takisí nínú pikọ́ọ̀pù, àfi bí ìgbà tí wọ́n gba ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé wọ̀ fún Lèmọ́mù. Ọkọ mi kò bínú. Ó dúró de èmi nìkan, torí ó mọ̀ pé ẹnu tèmi ni yóò bá sùn. Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀.

"Òkè wo ló wà ní Gambia? Fi ẹyọ kan hàn mí, Lọ́yà." Lọ́yà ló máa ń pè mí tí ẹnu mi bá ti mú jù fún un. "Ilẹ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ láti Banjul títí dé Basse. Kí la fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ńlá gùn?"

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òkè tiwa wà," mo ní. "Ìgbà wo lẹ sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé àyè ò sí mọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọ ọwọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì náà dé.

Kí n má purọ́, ó dáa. Láàárọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní sùúrù fún un kó gbóná kó tó jí, bí àgbàlagbà tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Tó bá ti jí, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n, àwọn abọ́ ẹ̀yìn á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a ó fi débi tí à ń lọ. Kì í sáré. Bọ́ọ̀sì kọjá wa, lọ́rí ẹ̀pà kọjá wa, kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n a ó lọ sí lúmò, a ó bọ̀, ọwọ́ tó ń sọ iye epo kò ní tíì sún kúrò ní ibi tí a fi í sí, ọkọ mi á sì máa fi ìka kàn án bí ẹni tó ń gbóríyìn fún ọmọ. Lórí ọ̀nà tó dára, pẹ̀lú ẹrù tiwa nìkan, ẹ́ńjìnnì dísù kékeré nínú pikọ́ọ̀pù bọ́gbọ́n mu. Èrò mi nìyẹn nígbà náà. N kò sọ ọ́ létí rẹ̀, torí kò ní jẹ́ kí n sinmi.

Àwa fúnra wa la wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Tí o bá wà nílẹ̀ onílẹ̀, tí ọmọ Yorùbá bíi tìẹ dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú àpò lẹ́sẹ̀, o ò lè kọjá rẹ̀. Kò ní gbàgbé. Á rò ó délé, ìyá rẹ á gbọ́ ọ lẹ́nu aláṣọ kan nílé. Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ wa kì í jẹun púpọ̀ mọ́, wọ́n gbà pé kì í ṣiṣẹ́ mọ́ náà ni. Ẹni tó ń gbé àpò kan tẹ́lẹ̀ di alápò méjì. Wọ́n á ní ṣebí dísù ni, kí ló máa mọ̀ ọ́n lára? Ọkọ mi á ní kí wọ́n gbé e sókè. Èmi á jókòó síwájú, n ó máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kérora nínú yanrìn, n ó sì dákẹ́, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí sí Banjul. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, wọ́n ń lọ sílé-ìwé. Òun nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Èèyi ló pa á, kó tó dàgbà tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá kì í tẹ̀lé ọmọ dé sàréè, ṣùgbọ́n ọkọ mi tẹ̀lé e. Látọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, yóò gba itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí kọjá kó tó wálé, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ibẹ̀ lòun ti ń bọ̀. Yanrìn bàtà rẹ̀ ló ń sọ fún mi. Ní ọjọ́ kan tí à ń di ẹrù lúmò, ó fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, bí ẹni tó ń sọ iye tí ṣúgà jẹ́.

"Níbikíbi tí mo bá kú sí nílẹ̀ yìí, ẹ gbé mi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Òkùnkùn máa ń bà á lẹ́rù."

Mo ní kó má fi ẹnu rẹ̀ pe ohun burúkú. Ṣùgbọ́n ó tún un sọ níbòmíì, ó sọ ọ́ ní lúmò, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹnì kan nínú àwa tí à ń ná ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Kerewan la wà nígbà tó kú. Ọjọ́ ọjà ni. Agboolé àgbà àwọn Yorùbá ìhà ibẹ̀ la sùn sí, arúgbó kan tó ti ń ta aṣọ lóko kí èmi tó mọ ọ̀nà Gambia. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fún bẹ́líìtì kan le, ó ní orí ti ń fọ́ òun láti àná. Ó ní kí n bu omi wá fún òun. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti jókòó ti táyà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kò sì wo ibì kan. Mo pè é. Mo bú u pàápàá, torí kò sí ìgbà tí mo bú u rí tí kò fèsì.

Kò fèsì.

Lèmọ́mù ìlú náà wá, alikáálò wá pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí abúlé níbẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa sí wa. Wọ́n ní ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo ilẹ̀, kí a jẹ́ kí àwọn gbẹ́ sàréè fún un síbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n sọ. Ọ̀nà Barra jìn, fẹ́rì tó kẹ́yìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, oòrùn kò sì mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Bàbá dá wọn lóhùn pé gbogbo wa la gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí a wá fi àdéhùn sí nìyí: tí a bá bá fẹ́rì, a ó gbé e dé Banjul, yóò sùn ti ọmọ rẹ̀. Tí fẹ́rì bá lọ, Barra la ó sin ín sí kí ilẹ̀ tó ṣú, odò yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì títí ayé.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Mo wà láàárín àwọn obìnrin nínú ilé. Nígbà tí wọ́n mú mi jáde, tí mo rí ọkọ̀ wa, n kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ọjà ọkọ mi ni wọ́n ti dì sí i. Abọ́ tó kó wá fún ọjà ọjọ́ náà, àpò ṣúgà, páálí ọṣẹ, èyí tó ti fi pamọ́ sí ilé Bàbá láti ìgbà pípẹ́, títí kan àga tó máa ń jókòó lé. Ọkọ̀ náà ti sún mọ́ ilẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti tẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ojúkòkòrò ni. Òtítọ́ inú ni, òun ló sì wúwo jù. Ṣáájú ìgbà náà, oníṣòwò wa kan ti kú sí oko, ọjà rẹ̀ sì pòórá. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ilé wá, wọ́n pe gbogbo ọmọ Yorùbá ìhà ibẹ̀ ní olè, wọ́n sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú àwọn onílẹ̀. Àbùkù yẹn kò tán lára wọn. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n kí òkú oníṣòwò kúrò lọ́dọ̀ wọn kí ẹrù rẹ̀ má tẹ̀ lé e. Àwọn Wolof onílẹ̀ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láé. Wọ́n á gbé òkú lọ, wọ́n á sì ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwa la kó òkú àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sínú ọkọ̀ kan.

Wọ́n tẹ́ ẹní sórí ẹrù, wọ́n gbé ọkọ mi lé e, àwọn ọkùnrin tí yóò sin ín lọ sì jókòó yí i ká, wọ́n dì í mú. Kò sí ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé kó má wá. Ta ni yóò lé ẹni tó fẹ́ bá ará ilé rẹ̀ dé sàréè? Dírẹ́bà wa, ọmọ ẹ̀yà Serer kan tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ láti ìgbà ẹ́ńjìnnì ńlá, yí ọkọ̀ po, ó bá Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹrù yìí pọ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì. Bàbá ní kó wa ọkọ̀. Ó ṣáná sí i, àwọn abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọkọ mi, èmi sì wọ iwájú, mo fi ìborí bojú.

N kò ní gbàgbé ìrìn yẹn. Lórí ilẹ̀ líle, a ń lọ bí ẹni tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ibi tí yanrìn bá ti jìn, ẹ́ńjìnnì á sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, èéfín dúdú á bò wá, dírẹ́bà á padà sí jíà àkọ́kọ́, a ó wá máa wọ́. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná bá wa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí aṣọ funfun náà, ó gbàdúrà fún òkú, ó gbà á délẹ̀ láìkánjú, ó ṣe àmín, ó sì rìn lọ ó fi wá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti sọ fún ọkọ mi pé kó sọ̀kalẹ̀ kó lọ bẹ obìnrin yẹn kó gbé wa lé orí ẹrù igi rẹ̀.

Rédíétọ̀ hó. A dúró, a bomi sí i. A tún lọ. Nígbà tí a dé ìdí igi osè ńlá kan lẹ́nu abúlé kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rì sínú yanrìn, ẹ́ńjìnnì sì kú. Àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀, wọ́n tì. Wọ́n fi ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà, wọ́n tún tì. Òjìji igi osè náà ti gùn kọjá ọ̀nà. Dírẹ́bà gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi wá, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ ní Wolof láìwo ojú mi. Ó ní ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan. Tí òkú àti ènìyàn bíi mélòó kan bá ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀, òun yóò bá fẹ́rì. Tó bá jẹ́ báyìí ni, kí a máa múra Barra.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo sì mọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún Bàbá mọ́. Kò sí ẹni tó lè ju ẹrù òkú síta nínú wọn kó tún lè fojú rí ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò kan, òun ni wọn yóò pè lólè lọ́la.

Mo sọ̀kalẹ̀. Opó kì í sọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí ibòmíì kí wọ́n má bàa rí mi.

"Bàbá, ẹrù ta ni èyí?"

"Ìyàwó wa, padà sínú ọkọ̀. À ń ṣe é lọ́wọ́."

"Mo ní ẹrù ta ni?"

"Ti ọkọ rẹ ni."

"Ọkọ mi ti kú. Ẹrù ta ni?"

Àwọn ará abúlé náà ti péjọ, alikáálò wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Tìẹ ni," Bàbá ní nígbẹ̀yìn. "Tìẹ àti ti àwọn ọmọ rẹ."

"Ẹ ṣeun. Mo ní kí ẹ já a sílẹ̀ síbí, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ilé wá tó bi yín, ẹ ní ìyàwó rẹ̀ ló dúró lójú ọ̀nà tó ní kí ẹ jù ú síta. Ẹ sì sọ fún wọn pé orí mi pé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ jẹ ẹrù ọkọ mi, èmi ló pè lólè."

Bàbá ní kí n tún un sọ ní Wolof létí alikáálò. Mo tún un sọ. Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú, n kò sì mọ̀ bóyá òógùn ni. Òun gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò.

Wọ́n já ẹrù bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Abọ́ ń dún lórí abọ́ nídìí igi osè, àwọn obìnrin abúlé bá wa gbà á. Wọ́n sọ ọkọ mi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí pákó ọkọ̀, wọ́n gbé e padà, Bàbá sì jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sin ín lọ ní àwọn yóò dúró ti ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn tó sanra ju àpò ṣúgà lọ wo ara rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ, èmi náà wà lára ẹrù." Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín gbé e mì.

Dírẹ́bà tún ṣáná sí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fà wá jáde nínú yanrìn bí ẹni tó ń fa okùn lára ewúrẹ́. Kò fò, kò pariwo. Ó kàn ń lọ, jíà kẹta, jíà kẹrin, kò sì sinmi títí a fi rí omi odò níwájú. Ohun tí ọkọ mi àti mẹkáníìkì rẹ̀ ń wí fún mi láti ìgbà yìí wá nìyẹn, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí èmi náà ń wí kò sì yí padà: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì kékeré sínú pikọ́ọ̀pù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ lè sọ fún ará ilé yín pé àyè ò sí. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ lọ ra lọ́rí.

Ní Barra, wọ́n ti gbé pákó àtẹ̀gùn fẹ́rì sókè. Jola ni ẹni tó dúró ti pákó náà, dírẹ́bà wa sì jẹ́ Serer. Àwọn ẹ̀yà méjèèjì yìí ní àṣà kan láàárín wọn: wọ́n á máa pe ara wọn lẹ́rú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ èkejì.

"Ẹrú mi," dírẹ́bà wa ké sí i, "sọ pákó yẹn kalẹ̀, olówó rẹ dé."

"Olówó mi wo? Ìwọ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tó o ti sá lọ nílé mi?" Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì rí ohun tó wà lẹ́yìn wa. Ó dúró. "Ẹrú burúkú. O ò tètè sọ pé àgbà lò ń gbé bọ̀." Ó yípadà, ó sì sọ pákó kalẹ̀.

Omi ti fà, fẹ́rì ti lọ sísàlẹ̀, a ní láti sọ̀ bí ẹni wọ kòtò. Ó di Banjul ká tó mọ ohun tí gígun òkè ń jẹ́. Níbẹ̀, pákó náà dúró ṣánṣán lójú wa. Mo ti rí ọkọ̀ ńlá tó padà sẹ́yìn níbẹ̀ rí. Dírẹ́bà fi jíà àkọ́kọ́ sí i, ó gbé ẹsẹ̀ lé epo díẹ̀, kò kánjú, ẹ́ńjìnnì náà sì gùn ún ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, títí táyà iwájú fi fara kan ilẹ̀ ìlú. Oòrùn ṣì wà lórí àwọn ilé.

Ní ti ẹrù, ó wálé lẹ́yìn ìgbà náà nínú lọ́rí ẹ̀pà kan, àwọn ará abúlé náà ti fi okùn dì í dáadáa. Àwọn ènìyàn wa dúró yí mi ká pé kí n kà á. N kò kà á. Mo ní kí wọ́n gbé e wọlé. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá ó pé, n kò sì fẹ́ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ilé wá, ó bi mí léèrè, mo ní ó pé.

Obìnrin kì í tẹ̀lé òkú dé sàréè lọ́dọ̀ wa, nítorí náà, lọ́jọ́ tí a gbé e dé Banjul, ilé ni wọ́n fi mí sí ní Soldier Town, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó kún yàrá. Mo jókòó sílẹ̀. N kò sunkún nígbà náà. Etí ni mo fi sí ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ ti ń kúrò lójú fèrèsé nígbà tí Bàbá wọlé, tí yanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó jókòó síwájú mi.

"Ìyàwó wa, a ti fi í sùn. Ilẹ̀ kò ṣú bá wa."

"Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Kò fara kàn án. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ti kún láti ìgbà tí ẹ ti sin ín. Ẹnì kan wà láàárín wọn."

"Ta ni?"

"Wọ́n ní obìnrin Wolof kan ni. Ó máa ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí."

Gbogbo obìnrin inú yàrá náà ń wo ẹnu mi. Wọ́n mọ̀ mí.

"Obìnrin," mo ní. "Òní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ yìí náà ló ti rí obìnrin sùn tì."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dì í mú, ó sì bú sẹ́kún, arúgbó ńlá bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni èmi náà ráyè sun tèmi. Nígbà tó ṣe, mo dìde, mo bu omi fún un, ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá, yanrìn ibẹ̀ sì dà sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn wa. Ó padà wọlé, ó jókòó tì wá títí wọ́n fi pe ìrun.